Pákó Ẹnu Ọ̀nà

“Ẹ máa wọlé o, ẹ̀yin èèyàn mi! Òjò ń pa yín níta!”

Ìgbà kẹta nìyí tí àlùfáà Ryokai ń pè wọ́n láti inú tẹ́ńpìlì tuntun. Àwọn bí ọgọ́ta tó dúró lábẹ́ agbòjò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń tẹrí ba fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń bínú. Wọn ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bọ́ bàtà ni.

Nínú tẹ́ńpìlì àtijọ́, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. Èèyàn á gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á bọ́ sábẹ́ òrùlé tó nà jáde bí ìyẹ́ adìyẹ, á kan pákó igi keyaki gbọọrọ kan lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó lé e, á bọ́ bàtà, á yí imú bàtà sójú títì, á dìde. Ó ti wà nínú ilé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnì kankan. Ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa, ayàwòrán-ilé tí wọ́n torí ẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Tokyo, ti fi kọnkéré dídán kan ṣoṣo tẹ́ ilẹ̀ láti etí títì títí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ Búdà Amida. Kò sí àtẹ̀gùn, kò sí pákó, òrùlé ò sì yọ imú jáde níbì kankan. Ó ní kò yẹ kí ààlà wà láàárín ayé yìí àti Ilẹ̀ Mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àlùfáà débi pé ó tẹ̀ ẹ́ sára káàdì ìpè.

“Ìyá tẹ́ńpìlì.” Ìyá àgbà Ofuji, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, rọra fa aṣọ Sumie, ìyàwó àlùfáà. “Níbo gan-an ni ìta parí sí?”

“Ìyá, èmi náà ò tíì mọ̀.”

“Háà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀!”

Bàbá Genpachi ló pinnu láti yanjú ẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀ apẹja ní ìlú Himi yìí, ó sì ti pé ọdún méjìdínlógún tó ti jẹ́ olórí ìjọ. Kò sí èyí nínú iṣẹ́ méjèèjì tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró kí ẹlòmíì ṣáájú. Ó pa agbòjò dé, ó gbé àyà síwájú, ó wọlé. Ó rò pé pákó náà á wà níwájú díẹ̀. Ó ń wá a bó ṣe ń lọ, wúrà ara Búdà sì ń tàn sí i lójú. Ó dé iwájú pẹpẹ, ó da tùràrí sórí iná, ó kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Ìgbà tó wo ẹ̀yìn láti fi orúnkún kejì lélẹ̀ dáadáa ló rí bàtà dúdú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Búdà, ipa bàtà tútù tò tẹ̀lé ara wọn lórí kọnkéré tó ń dán bíi dígí.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì burú jù. Bàbá Genpachi bọ́ bàtà náà níbẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà síta. Láti ọjọ́ náà, ó di oṣù méjì, wọn ò rí i ní tẹ́ńpìlì mọ́.

Lẹ́tà rẹ̀ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí náà Sumie mọ̀ pé kò ní yí ọ̀rọ̀ padà bọ̀rọ̀. Ó ní òun ti fi ipò olórí sílẹ̀. Ó ní tí ọdún bá yí, òun á kó eegun ìyàwó òun, Isono, kúrò nínú ibojì tẹ́ńpìlì lọ sí tẹ́ńpìlì mìíràn, kí ojú má baà máa ti obìnrin náà níbi tó sùn sí nítorí ọkọ rẹ̀.

Sumie ka lẹ́tà náà nínú ilé ìdáná. Nígbà tó wọlé ọkọ láti Osaka ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kò mọ ẹ̀wà ìsìn sè, kò mọ àga tó yẹ kí wọ́n gbé fún ta ni, kò tilẹ̀ gbọ́ èdè àwọn apẹja dáadáa. Isono ló kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, kò sì fi í ṣe ẹlẹ́yà rí níwájú àwọn èèyàn. Ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà.

“Bàbá Tatsuki,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀, “ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dà?”

“Mo yọ ọ́.”

“‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ bàtà níbí.’ Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.”

“Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa ní ilé tó bá nílò kí wọ́n kọ̀wé sára ẹ̀ kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n wọ̀, ilé náà ti kùnà.”

“Òun fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀?”

Àlùfáà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Tẹ́ńpìlì méjì ló ti kógbá sílé ní ìlú náà láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn àgbà ń kú, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Tokyo, ó sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé tí ilé òun bá lókìkí, èèyàn á máa wá. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé ìwé ìròyìn àwọn ayàwòrán-ilé ń bọ̀ wá ya tẹ́ńpìlì náà ní fọ́tò, ó ti ra ẹ̀wù tuntun, Sumie sì ti bá a lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti dúró ti ògiri kọnkéré, tó ń yí ojú sọ́tùn-ún, tó ń yí i sósì.

“Ọjọ́ Hoonko ni wọ́n ń bọ̀,” ó ní. “Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa fúnra ẹ̀ ń bọ̀. Mo ti fọwọ́ síwèé. Kí wọ́n tó ya fọ́tò yẹn tán, a ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe àga, kì í ṣe sálúbàtà.”

“Ọjọ́ ìrántí ẹni tó dá ìjọ wa sílẹ̀. Ọgọ́ta èèyàn ń bọ̀ wá jẹun. Níbo ni wọ́n á bọ́ bàtà sí?”

“Wọ́n á mọ̀ ọ́n tó bá yá.”

“Bàbá Genpachi mọ̀ ọ́n.”

Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbálẹ̀ kékeré kó àwọn hóró ìrẹsì tó bọ́ sórí tábìlì jọ, iṣẹ́ tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sumie gbé ìkòkò ẹ̀wà pupa kékeré kan lọ sí etí òkun. Bàbá Genpachi kì í gbé inú ilé ńlá rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Inú yàrá kan tó wà lẹ́yìn àgọ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé, láàárín àwọ̀n àti okùn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

“Bàbá, mo ti dé o.”

“Ta nìyẹn? Ìyá tẹ́ńpìlì? Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Gbogbo ibẹ̀ rí wúruwùru.”

Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó yí imú bàtà síta, ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ sínú yàrá. Ìgbà tó ti gbé ìkòkò sílẹ̀ tán ló dúró ṣíí. Ó wẹ̀yìn.

“Bàbá. Pákó wa nìyí.”

“Pákó yín kẹ̀? Àwọn tó wó ilé ti gbé e sórí igi ìdáná. Mo ní kí wọ́n gbé e wálẹ̀.”

Sumie bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á. Lápá òsì, ibi tó jin kòtò díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, níbi tí ìdí àwọn àgbà ti jókòó fún àádọ́fà ọdún. Ó ń dán. Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, Isono máa ń di èèrí ìrẹsì sínú àpò aṣọ kékeré, á fi í nù ún títí á fi máa tàn. Èèrí tí Isono gbẹ̀yìn lò á ti gbẹ tipẹ́. Ẹlòmíì ti ń nù ún.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń nù ún?”

“Ọwọ́ mi dilẹ̀ ni.” Ó fa àwọ̀n tó ń dí sún mọ́ra. “Tí ẹ bá torí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn wá, ẹ jẹ ẹ̀wà yín kí ẹ máa lọ.”

“Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ láàárín ìlú.”

“Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá ti bú wọn, ọ̀rọ̀ á ti parí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja lánàá, gbogbo wọn ń wo orí mi. Orí mi! Kí wọ́n má baà wo ẹsẹ̀.”

“Ìyá Ofuji sọ̀rọ̀ kan.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ yín tóbi tó bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ já bọ́ lẹ́nu bàbá náà, ó dì í mú. “Arúgbó yẹn,” ó ní. “Kí wọ́n wọn tiẹ̀ náà.”

Sumie jókòó padà sórí pákó. Ó ti ń rò ó láti ẹ̀ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé bóun bá dé ilé kóun tó sọ ọ́, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

“Bàbá, ẹ yá mi ní pákó yìí lọ́jọ́ Hoonko.”

“Ọ̀gá ayàwòrán-ilé yín ní igi jẹ́ ariwo. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ ní ìpàdé. ‘Igi jẹ́ ariwo, kọnkéré jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́.’”

“Ẹ jẹ́ kó pariwo.”

“Ṣé àlùfáà mọ̀?”

“Tó bá rí i, á mọ̀.”

Bàbá Genpachi wò ó pẹ́. Ó ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ọ̀run báyìí nígbà ayé rẹ̀, kó tó pinnu bóyá kí ọkọ̀ jáde tàbí kó má jáde. “Èmi àti àwọn ọmọ ọkọ̀ mi á gbé e wá,” ó sọ níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n mi ò ní wọlé. Ẹ gbọ́? Inú mọ́tò ni mo máa jókòó sí. Tí ẹ bá parí ìsìn, màá gbé pákó mi máa lọ, ọ̀rọ̀ eegun Isono sì wà bó ṣe wà.”

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Hoonko, bó ṣe máa ń rọ̀. Láti aago márùn-ún àárọ̀ ni àwọn obìnrin ti wà ní ìdáná ẹ̀yìn, tí wọ́n ń se ẹ̀wà pupa pẹ̀lú kókò àti kárọ́ọ̀tì. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fẹ̀yìn rìn dé etí kọnkéré. Ọkùnrin mẹ́rin gbé pákó náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé e lé orí ìtì igi méjì ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí ilẹ̀kùn gíláàsì, lápá inú, ó dí ẹnu ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bàbá Genpachi fi ọwọ́ mì ín bóyá ó dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó padà sínú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ tó ń nu gíláàsì mọ́tò ń lọ, ó ń bọ̀.

Àlùfáà jáde nínú ẹ̀wù tuntun. Ó rí i.

“Ìyá Tatsuki! Kí nìyí?”

“Pákó ni.”

“Mo rí i pé pákó ni. Mo fọwọ́ síwèé! Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin báyìí, wọ́n ń bọ̀. Gbé e kúrò. Títí di aago méjìlá péré. Lẹ́yìn fọ́tò, kódà kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ síwèé,” Sumie ní. Kò pariwo. “Èmi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá. Tí ẹ bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀, ẹ lọ bá bàbá tó wà nínú mọ́tò yẹn, kí ẹ sọ fún un pé igi tí ìyàwó rẹ̀ fi ogójì ọdún nù ò dáa fún fọ́tò. Mo máa dúró dè yín níbí.”

Àlùfáà wo mọ́tò. Ó wo pákó. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe lọ́rùn, ó sì wọlé lọ tan àbẹ́là. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn rántí pé àbẹ́là wà tí kò tíì tàn.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, kò sẹ́ni tó júwe fún wọn. Wọ́n ń pa agbòjò dé, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń yí i, wọ́n ń dìde. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ọgọ́ta bàtà ó lé ti tò síwájú pákó náà, imú gbogbo wọn kọjú sí títì bí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté. Ìyá Ofuji nìkan ni kò dìde. Ó jókòó sínú kòtò apá òsì, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá fóun.

Báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa ṣe bá a. Ó wọ aṣọ dúdú láti òkè délẹ̀ àti bàtà awọ tí okùn rẹ̀ gùn dé agbedeméjì ojúgun. Òun pẹ̀lú onífọ́tò ló jọ dé, obìnrin kan tó gbé kámẹ́rà méjì kọ́rùn. Obìnrin náà kí gbogbo èèyàn, ó jókòó sórí pákó, ó bọ́ bàtà, ó ti wọlé. Kò ronú sí i rárá. Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa dúró nínú òjò, ó ń wò.

“Ìyá,” ó sọ fún Ofuji pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dìde díẹ̀. A fẹ́ gbé igi yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.”

“Ọmọ mi, ní ọjọ́ orí tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe péré.” Ó mu tíì. “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé yìí?”

“Èmi ni mo yà á.”

“Ó dáa. Ó mọ́. Níbo ni ìta parí sí nínú ẹ̀?”

Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa lanu láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ayé àti Ilẹ̀ Mímọ́. Omi ń ṣàn látorí òrùlé tí kò nímú, ó ń bọ́ sí i lọ́rùn ẹ̀wù. Ó fẹ́ fi han gbogbo èèyàn pé kò ṣòro láti wọlé: ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan lórí kọnkéré tútù, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀ gígùn, ó ń fò sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹyẹ àkẹ̀. Nígbà tó bọ́ ọ̀kan tán, ó gbé ẹsẹ̀ náà lélẹ̀. Omi mu ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Bàbá Genpachi sọ̀kalẹ̀, ó rìn wá láìlo agbòjò. Sumie rí i láti inú, ó di àwo ẹ̀wà tó gbé dání mú gírígírí.

“Ta ló gbé igi yìí wá?” Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa bi í.

“Èmi ni.” Bàbá náà ò wo ojú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, ìbọ̀sẹ̀ dúdú olówó gọbọi tí omi ń jò lára ẹ̀, àti ipa ẹsẹ̀ tútù kan tó dúró gedegbe lórí kọnkéré. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ séèyàn.”

Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa jókòó. Ofuji sún díẹ̀ fún un. Bàbá Genpachi náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, ó fa bàtà rọ́bà rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Nísinsìnyí tí mo rí i nítòsí,” Ofuji wí, “ó tóbi lóòótọ́.”

“Ẹ mu tíì yín, ìyá.”

Ó yí imú bàtà náà sójú títì, ó dìde, ó sì rìn lọ síwájú Búdà. Nínú ilé, kámẹ́rà ń dún ṣáká-ṣáká. Lẹ́yìn ìsìn, ó jẹ àwo ẹ̀wà mẹ́ta, ó sì dá ọkọ̀ akẹ́rù padà sílé lófìfo. Kò sẹ́ni tó bi í nípa lẹ́tà, òun náà ò sì mẹ́nu bà á.

Oṣù kẹrin ni ìwé ìròyìn náà tó jáde. Ojú ewé méjì gbáko ni wọ́n fi gbé fọ́tò ẹnu ọ̀nà: òjò, gíláàsì, kọnkéré, pákó àtijọ́ kan tó ń tàn bí oyin, àti bàtà ọgọ́ta. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Pẹ̀lú igi àtijọ́ kan ṣoṣo, Kuroiwa fi ìgboyà fa ìlà láàárín ayé méjì.” Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá pọ̀ dé, ó yẹ kí ariwo díẹ̀ wà níbẹ̀.

Àlùfáà Ryokai yẹ gbogbo ojú ewé náà wò lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ọ̀kan, ìgúnpá ọwọ́ rẹ̀ hàn.

“Ṣé kí n kọ̀wé sí wọn?” ó bi ìyàwó rẹ̀. “Láti sọ bó ṣe jẹ́ gan-an?”

“Kí lẹ máa ní ó jẹ́?”

Ó rò ó. “Ìgúnpá yẹn hàn dáadáa,” ó ní.

Ọjọ́ kìíní oṣù ni. Sumie gbé ìwé ìròyìn náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Bàbá Genpachi ti ń fi àpò èèrí ìrẹsì nu pákó. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, ó fara balẹ̀, ó sì ń retí kó bú.

Bàbá náà dá ọwọ́ dúró díẹ̀.

“Kò parọ́,” ó ní. “Bí kò bá yọ pákó yìí kúrò nígbà yẹn, ta ni ìbá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?”

Ó ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.